Iyanrìn Tó Dí Ẹnu Èkó

Ní Sátidé tó kọjá, ilé ìkàwé kan ní kí n wá ṣàlàyé bí Èkó ṣe di ìlú tí ọkọ̀ gbogbo àgbáyé ń gúnlẹ̀ sí. Mo gbé báàfù omi kan wọlé, pẹ̀lú iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Olùtọ́jú ilé ìkàwé wo omi, ó wo àwọn ìwé rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn lọ mú àkísà wá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wọn ìsàlẹ̀ omi fún ọkọ̀ òkun. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń rán ohùn lọ sísàlẹ̀, tó sì ń ka àsìkò tí ohùn náà fi padà. Ní tàwọn ará àtijọ́, okùn tí wọ́n so òjé mọ́ ni wọ́n ń jù sómi. Wọ́n á fi ọ̀rá pa ìdí òjé náà, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ẹnu ọ̀sà Èkó, iyanrìn ló máa ń bá a gòkè.

Iyanrìn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Ìgbì òkun wa ń gbá a láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn tọ̀sán-tòru. Tó bá dé ibi tí ọ̀sà ti ń tú sókun, á ṣù jọ, á di òkìtì lábẹ́ omi. Bar ni Òyìnbó ń pe irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Bar Beach ti jẹ́ orúkọ.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé látọjọ́ tí Dòsùnmú, ọba Èkó, ti fọwọ́ síwèé tó fi Èkó lé Òyìnbó lọ́wọ́ ní 1861 ni Èkó ti di èbúté ńlá. Rárá o. Omi orí òkìtì náà kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 12 lọ. Ọkọ̀ ńlá tó bá kẹ́rù yó, ikùn rẹ̀ á gbálẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹrù Èkó ń gba Forcados lọ́hùn-ún, níhà Niger Delta, kí wọ́n tó já a sínú ọkọ̀ kékeré tó ń gbé e padà wá. Èrò náà ńkọ́? Inú àga onígi ni wọ́n ń jókòó sí, tí ẹ̀rọ agbẹ́rù á sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré láàárín ìgbì, bí ẹni sọ ẹran.

Reluwéè ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó ń kó ẹrù oko wá sí Ìdó, ẹnu ọ̀nà òkun sì wà ní dídí. Ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun, wọ́n fi mọ odi tó nà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà. Àró l'Ábẹ́òkúta ni òkúta náà ti wá, reluwéè kan náà ló sì ń kó o. (Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.)

Mo to òkúta wẹ́wẹ́ mi sínú báàfù, mo fọwọ́ ru omi. Odi méjèèjì fún omi ọ̀sà lọ́rùn, ó wá ń sáré jáde, ó ń gbá ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn ń ṣe ìyókù. Ní 1914, ọkọ̀ òkun tó ń kó lẹ́tà wọlé fúnra rẹ̀. Èbúté Àpápá ṣí ní 1926.

Arábìnrin kan ní ṣé epo rọ̀bì kọ́ ló sọ Èkó di ńlá. Epo mówó wá lóòótọ́, àmọ́ owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dí wa lọ́fun. Nígbà tó fi máa di 1975, ìjọba ti ra símẹ́ńtì nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun, wọn ò ríbi já ẹrù. Wàhálà yẹn ló bí èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú nàka sí báàfù: "Bàbá, iyanrìn ti pọ̀ lápá kan, omi sì ń jẹ apá kejì lọ." Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Odi ìwọ̀ oòrùn dá iyanrìn dúró, kò dé ìlà oòrùn mọ́, òkun wá ń jẹ Bar Beach títí omi fi ń ya wọ Ahmadu Bello Way. Ara ohun tó bí odi Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun, nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ létí òkun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kọ́ sí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Mo sọ fún wọn pé èbúté Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní 2023, jìn tó mítà 16.5, òun náà sì ní odi tó wọnú òkun. Ọmọ yẹn tún nawọ́ sókè: "Ilẹ̀ ta wá ni omi máa jẹ níbẹ̀?" Mo ní kó wá bá mi níbi iṣẹ́ tí wọ́n bá gbàsinmi.