Táyà kẹ̀kẹ́ asáré lórí títì

Táyà kẹ̀kẹ́ asáré ni táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi rọ́bà àti òwú híhun ṣe, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì máa ń le ju ti kẹ̀kẹ́ ológeere lásán lọ. Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi ń díwọ̀n rẹ̀: bí ó ṣe tura fún ara tó, bí ó ṣe ń yí lọ geere tó, àti bí ó ṣe lè pẹ́ tó kí ìṣó tàbí àfọ́kù ìgò tó gún un jò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà pé sára táyà kan ṣoṣo, nítorí ohun tó ń ró ọ̀kan lágbára a máa dín òmíràn kù. Ní Àkúrẹ́ àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí títì ọlọ́dà tó dán ti lè já sí ojú ọ̀nà oníkòtò kí ènìyàn tó rìn jìnnà, fífẹ̀ táyà àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ.

Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ló kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí táyà alátẹ́gùn ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tàn kálẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé-ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Ní 1891, àwọn ará ilé Michelin ní ilẹ̀ Faransé gbé táyà tó ṣe é tú kúrò lára ríìmù jáde, èyí tó mú kí lílẹ táyà tó jò di iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Igi tí oje rẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ rọ́bà kò ṣàjèjì sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó rárá, nítorí oko rọ́bà wà ní apá gúúsù rẹ̀, ní agbègbè Òdígbò.

Ìwọ̀n

Nọ́ńbà bíi 28-622 ni a máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. 28 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà. 622 ni ìdábùú ní mílímítà, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ibi tí etí táyà ti jókòó sára ríìmù, èyí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní 700C. Táyà kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ tí wọ́n kọ 28 × 1½ sí lára jẹ́ 635, kò sì lè wọ ríìmù 622. Ẹni tó bá kàn béèrè “táyà 28” ní ọjà lè ra èyí tí kò bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu, nítorí náà nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló yẹ kó mú dání lọ.

Eré

Bí táyà ṣe ń yí, apá tó kan ilẹ̀ a máa tẹ̀, a sì tún nà padà. Nínú títẹ̀ àti nínà yìí ni agbára ti ń sọnù, tó ń di ooru nínú rọ́bà àti òwú. Táyà tí òwú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì hun pẹ́kípẹ́kí, a máa rọ̀ bí aṣọ tí a fi òwú wẹ́wẹ́ hun. Ó ń tẹ̀ láìjẹ agbára púpọ̀. Iye òwú tó wà nínú íńṣì kan ni a ń pè ní TPI, ó sì lè jẹ́ 60 lára táyà olówó pọ́ọ́kú, kó ju 300 lọ lára táyà ìdíje tí a fi òwú gidi hun.

A lè fi ìṣirò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ kìlógíráàmù 85, tó ń lọ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan lórí títì tó tẹ́jú, táyà tó yára, tí òǹkà ìfàsẹ́yìn rẹ̀ (èyí tó ń sọ bí táyà ṣe ń fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn tó) jẹ́ 0.003, yóò gba nǹkan bíi wáàtì 21 nínú agbára ẹni náà. Èyí tó nípọn, tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 0.006, yóò gba nǹkan bíi 42. Afẹ́fẹ́ tó dojú kọ ọ́ nìkan lè gba ju 100 lọ. Ìyàtọ̀ wáàtì 20 lè gba ipò lọ́wọ́ eléré ìdíje, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀bà-Ilé lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n gbà pé bí táyà bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, tó sì le tó, ni yóò ṣe yára tó. Mílímítà 23 ni gbogbo ayé ń lò. Èrò náà ti yí padà. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà méjì bá dọ́gba, èyí tó fẹ̀ ló ń rọrùn láti yí, nítorí ibi tó fi kan ilẹ̀ kúrú síwá-sẹ́yìn. Lórí ọ̀nà gbágungbàgun, táyà tó le jù a máa gbé kẹ̀kẹ́ fò, ara ẹni tó gùn ún ni yóò sì gba gbogbo ìmìjìgìjìgì náà, tí agbára yóò fi ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré Paris–Roubaix, ìdíje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé tó ń kọjá lórí òkúta títẹ́, fi ń lo táyà mílímítà 30 sókè báyìí.

Ìtura

Fífẹ̀ nìkan kò mú ìtura wá. Bí táyà bá ṣe fẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ kan náà ṣe ń fa òwú rẹ̀ le tó, nítorí náà ẹni tó fi 28 rọ́pò 23 tí kò sì dín afẹ́fẹ́ kù kò jèrè púpọ̀. Fún ẹni tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 70 sí 75, psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó) 85 sí 95 bá táyà 25 mu, 70 sí 80 bá 28, 55 sí 65 sì bá 32. A máa ń fi díẹ̀ lé ti ẹ̀yìn, níbi tí ìwúwo pọ̀ sí. Lórí ríìmù tí kò ní ìkọ́ létí, psi 72.5 ni òpin. Férémù àtijọ́ tó ń lo bíréèkì orí ríìmù kì í sábà gba ju 25 tàbí 28 lọ.

Ìjò

Ọ̀nà méjì ni táyà ń gbà jò jù. Nǹkan lè gún un, tàbí kí túúbù há sáàárín ríìmù àti etí kòtò nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tó, tí yóò sì fi ihò méjì tó ṣe ẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Táyà tó fẹ̀ ló ń dènà ti kejì yìí dáadáa.

Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá, wáyà irin wínníwínní láti inú táyà ọkọ̀ tó ti bẹ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ju ìṣó lọ. Kì í tètè hàn sójú, táyà a sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá lẹ túúbù láìfi ọwọ́ wá inú táyà yípo yóò tún lẹ̀ ẹ́ láìpẹ́. Òjò a tún máa wọ́ àfọ́kù ìgò àti òkúta wẹ́wẹ́ jọ sí etí títì, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà.

Àwọn tó ń ṣe táyà ń fi ìgbànú ààbò sábẹ́ rọ́bà. Ilé-iṣẹ́ Continental ń fi Vectran, òwú àtọwọ́dá tó le gan-an, sínú táyà Grand Prix 5000, tó jáde ní 2018, ó sì yára. Táyà Marathon Plus ti ilé-iṣẹ́ Schwalbe ní rọ́bà ààbò tó nípọn tó mílímítà 5. Ó ṣòro láti gún, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń falẹ̀. Fún ọ̀nà ìpínlẹ̀ yìí, táyà 28 sí 32 tó ní ìgbànú ààbò ìwọ̀nba ló dára jù. Táyà túbùlẹ́ẹ̀sì, tí kò ní túúbù, tí a ń da oje ìdíhò sínú rẹ̀, a máa dí ihò kékeré fúnra rẹ̀, àmọ́ oje náà ń gbẹ láàárín oṣù mélòó kan, ooru sì ń mú kí ó tètè gbẹ. Túúbù látẹ́ẹ̀sì, tí a fi oje igi rọ́bà ṣe, yára ju ti bútílì, rọ́bà àtọwọ́dá tó wọ́pọ̀, lọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ní láti fún un ní afẹ́fẹ́.

Ẹnu túúbù kẹ̀kẹ́ asáré sábà máa ń jẹ́ Presta, tó tín-ín-rín, nígbà tí ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà jẹ́ ti Schrader tí mọ́tò ń lò. Ohun ìsopọ̀ kékeré tí a ń dè mọ́ Presta ni yóò jẹ́ kí ó gba afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n fi sí i, nítorí ààyè inú táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kéré, ẹ̀rọ ńlá sì lè bẹ́ ẹ kí ẹni tó dì í mú tó wo gééjì.