Ẹ Má Fomi Pa Òdòdó Tó Ń Sùn

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹni tó bá ń gba oko kòkó kọjá lọ́nà Ìkéré tàbí Ẹ̀fọ̀n lè rí òdòdó pupa kan tó dá dúró lábẹ́ igi, tí kò tíì rúwé. Òdòdó wẹ́wẹ́ ló ṣù jọ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo, wọ́n lè tó 200. Scadoxus multiflorus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Àwọn tó ń ra òdòdó lọ́wọ́ wa rò pé òyìnbó ló kó o wá. Rárá o, ọmọ igbó Áfíríkà ni.

Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń rò fún mi: ó rúwé dáadáa, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ó rọ, àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, kò jí mọ́. Omi yẹn ló pa á. Lásìkò ọyẹ́, ewé rẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, oúnjẹ tó ti kó jọ á wà nínú iṣu rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ń sùn ni. Bí ẹ bá ń da omi sí i lórí oorun, jíjẹrà ló máa jẹrà. Tó bá wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Ẹ má sì torí kí ojúde lè mọ́ gé ewé tútù rẹ̀. Òun ló ń wá oúnjẹ òdòdó ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀tá kejì ni ọkọ́. Ẹ to òkúta yí ojú ibẹ̀ ká (a kúkú ní òkúta l'Ékìtì), kí ẹni tó ń ro àyíká má baà bẹ́ ẹ lórí.

Gbígbìn rẹ̀ kò le: abẹ́ máńgòrò tàbí ọsàn, nínú ilẹ̀dú tí omi kì í dúró sí, kí ọrùn iṣu yọjú díẹ̀. Tó bá jẹ́ èso lẹ ní, ẹ bó ara pupa rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé kóró náà sórí ilẹ̀ tútù láìsá a. Ó lè tó ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tanná. Ní tèmi, ọmọ tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni mo máa ń yà gbìn.

Ó lóró o. Iṣu rẹ̀ jọ àlùbọ́sà, ẹbí kan náà sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ará Áfíríkà kan ti fi ṣe oró ọfà rí. Ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ já àwọn èso náà kí wọ́n tó pọ́n, kí ẹ sì fọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn náà.