Omi Háídrójìn àti Ogbó Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Omi háídrójìn ni omi mímu tí wọ́n ti fẹ́ gáàsì háídrójìn (H₂) sínú rẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá ó lè dín ogbó iṣan ẹ̀jẹ̀ kù. Gáàsì yìí yàtọ̀ sí háídrójìn tó wà nínú gbogbo omi látilẹ̀, torí èyíinì ti so mọ́ ọ́síjìn. Lítà omi kan kì í gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 1.6 lọ. Kò sí gáàsì tó fúyẹ́ tó o, kì í sì í pẹ́ jò gba ara ike. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń tà ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, kò lè pa á mọ́.

Ogiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn máa ń fà bíi rọ́bà. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gorí ọjọ́ orí, èròjà elastin tó mú kó máa fà yóò máa já, collagen tó le jù ú lọ á sì gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kó bá 165/70: òǹkà òkè ga, tìsàlẹ̀ relẹ̀. Nígbà mìíràn, bí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, iṣan á ti le gbandi lábẹ́ ìka.

Awọ inú iṣan náà tún ń ṣe nitric oxide, tó ń mú kí iṣan dẹ̀. Ìmọ̀ yìí ló fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Superoxide, ọ̀kan nínú àwọn èròjà ọ́síjìn tó ń ba ara jẹ́, ló sábà máa ń pa nitric oxide run.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde pé háídrójìn ń pa hydroxyl, èyí tó burú jù nínú àwọn èròjà náà. Àmọ́ ìwádìí kan náà fi hàn pé kò fọwọ́ kan superoxide. Ní 2008, omi náà dín ọ̀rá tó ń dì sínú iṣan àwọn eku kan kù. Ìwádìí lára ènìyàn ṣì kéré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì pẹ́.

Nítorí náà, omi háídrójìn kò tíì tó ohun tí ẹni tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tàbí ní Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní Iléṣà, lè fi rọ́pò oògùn bíi amlodipine tó ń dẹ iṣan. Oríṣi kan tún wà tó jẹ́ pé magnesium ni wọ́n ń jù sómi kí gáàsì lè jáde. Magnesium yìí lè pọ̀ jù lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa.