Ta ló ní oníjáàsì kì í kọ́ṣẹ́?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ jáàsì, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, pàápàá níbi tí ẹni tó ń fọn sáksì ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, kì í pẹ́ tó fi máa ń sọ pé ohun tó bá ti bọ́ sí wọn lẹ́nu ni wọ́n kàn ń fọn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi í yìn wọ́n: ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, wọn ò kọ́ ọ. Irọ́ gbáà ni.

Ẹ wo blues lásán, irú orin kan tí àwọn oníjáàsì sábà máa ń ṣe. Ìdá 12 ló ní, a ó sì ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú ìdá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ibi tí kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti máa yí padà. Tí adáfọn bá ti dé ìdá kejìlá, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, bẹ́ẹ̀ ni onídùùrù àti onílù ń bá a kà á lọ́kàn. Onídùndún tó ń ki èèyàn lójú agbo náà kò gbé ìwé dání, àmọ́ ta ló jẹ́ sọ pé kò kọ́ oríkì?

Charlie Parker tó ń fọn sáksì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àtọ̀runwá bá délẹ̀. Ní 1936, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, ó lọ bá àwọn àgbà ṣeré ní Reno Club, Kansas City. Kò pẹ́ tí orin fi dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Jo Jones, onílù nínú ẹgbẹ́ olórin Count Basie, bá tú aro idẹ ara ìlù rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ró gbọnrangandan! Ni ẹ̀rín bá sọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1937, Parker bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ sí àgbègbè òkè Ozark ní Missouri, ó kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Lester Young, afọnsáksì bíi tirẹ̀, dání, ó sì ń kọ́ wọn ní ohùn kọ̀ọ̀kan. Lórí rédíò ní 1954, ó sọ fún Paul Desmond, afọnsáksì ẹgbẹ́ rẹ̀, pé fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wákàtí 11 sí 15 lòun fi ń dánra wò lójúmọ́. Ó ní àwọn aládùúgbò tiẹ̀ fẹ́ kí ìyá òun kó kúrò ládùúgbò nítorí ariwo fèrè. "Ko-Ko" tó gbà sílẹ̀ ní 1945, tó ń jó bí iná, orí kọ́ọ̀dù "Cherokee", orin tí Ray Noble kọ, ló tò ó sí.

Ibo wá ni irọ́ yìí ti wá? Òwò wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ Original Dixieland Jazz Band, àwọn aláwọ̀ funfun tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì àkọ́kọ́ jáde ní 1917, máa ń fi í yangàn pé àwọn ò lè ka orin, torí ó ń tajà. Bẹ́ẹ̀, ní New Orleans tí wọ́n ti wá gan-an, Lorenzo Tio Kékeré ń kọ́ àwọn ọmọ bíi Barney Bigard ní klarinẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé Erroll Garner, onídùùrù, kò lè ka orin títí tó fi kú. Etí ló fi kọ́ tirẹ̀. Kíkọ́ náà nìyẹn. Lójú tèmi, ìyìn "wọn ò kọ́ ọ" yìí, ìwọ̀sí ni wọ́n fi oyin bò. Tí aláwọ̀ dúdú bá ti ronú jinlẹ̀, wọ́n á ní àdámọ́ ni.

Ẹni tí kò bá gbà, kó wá "Giant Steps" tí John Coltrane, afọnsáksì, gbà sílẹ̀ ní 1959 gbọ́. Kọ́ọ̀dù ibẹ̀ ń yí wéréwéré, ṣùgbọ́n Coltrane ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́, ó sì ń gbà á kọjá láìdúró. Ó wá kan Tommy Flanagan lórí dùùrù. Ọ̀gá ni Flanagan, kì í ṣe ẹni à ń fojú di, àmọ́ orin náà ò tíì mọ́ ọn lára. Ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń wá ọ̀nà, títí tó fi kàn ń tẹ kọ́ọ̀dù nìkan. Bó bá jẹ́ ohun tó bá ti wá sọ́kàn ni wọ́n ń ṣe, kí ló máa dá a dúró? Ní 1982, Flanagan padà gba orin náà sílẹ̀ nínú àwo tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, geere ló ń lọ.