Carlos Romulo: ẹni tó jà fún ọ̀rọ̀ òmìnira kí ilẹ̀ rẹ̀ tó gba tirẹ̀

Ṣé lóòótọ́ ni pé Filipínì wà lára àwọn tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lábẹ́ Amẹ́ríkà?

Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1945 ni Carlos P. Romulo fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ náà ní San Francisco lórúkọ ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1946 ni Filipínì tó gba òmìnira. Láti 1935 ni wọ́n ti ní ààrẹ tiwọn, tí òfin Amẹ́ríkà sì ti ṣèlérí pé wọn yóò dá dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí Japan gba ilẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ìjọba Ààrẹ Manuel Quezon bọ́ sí Washington, ó sì dara pọ̀ mọ́ àdéhùn àwọn tó ń bá Japan àti Jámánì jà ní 1942. Ẹni tó bá ti wà nínú àdéhùn yẹn ni wọ́n pè sí San Francisco. Íńdíà náà wà níbẹ̀, lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Akọ̀ròyìn ni mo mọ Romulo sí. Ta ló sọ ọ́ di aṣojú?

Ogun ni. Ní 1941 ó rìn láti Hong Kong dé Batavia, tí à ń pè ní Jakarta lónìí, ó ń kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn Mànílà. Ó kọ ọ́ pé ogun ń bọ̀, àti pé inú àwọn ará ilẹ̀ wọ̀nyẹn kò dùn sí àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso wọn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Japan ju bọ́ǹbù sí Filipínì. Ìròyìn wọ̀nyẹn gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà, ní 1942. Kò sí ọmọ Filipínì tó gbà á ṣáájú rẹ̀.

Nígbà yẹn ó ti wọ aṣọ ológun lọ́dọ̀ Ọ̀gágun MacArthur, olórí ogun Amẹ́ríkà níbẹ̀. Láti inú ihò abẹ́ òkè ní erékùṣù Corregidor ló ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí ọkàn àwọn ọmọ ogun má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ó kúrò ní Bataan, ilẹ̀ tó kọjú sí Corregidor, ní ọjọ́ kan péré kí ibẹ̀ tó ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́rin ṣẹ́kù sẹ́yìn sábẹ́ àwọn ọ̀tá. Ó di oṣù Kẹwàá 1944 kí òun àti MacArthur tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà, ní erékùṣù Leyte.

Kí ló ṣe ní San Francisco tó fi kàn wá?

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró gbọ́. Ohun tí àwọn alágbára fẹ́ kọ síbẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ni “ìjọba ara-ẹni”. Romulo ní ìyẹn kò tó: ilẹ̀ kan lè máa ṣèjọba ara rẹ̀ nílé kó sì wà lábẹ́ ọ̀gá síbẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ “òmìnira” síbẹ̀ gbangba. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ̀. China àti Soviet fara mọ́ ọn.

Ìlàjì ló rí gbà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹ̀ka 76 ìwé ìdásílẹ̀ náà, tó wà fún àwọn ilẹ̀ tí àjọ náà fi sábẹ́ àbójútó. Kò wọ Ẹ̀ka 73, tó kan ilẹ̀ amúnisìn yòókù. Tógò bọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí Sylvanus Olympio fi lè lọ dúró níwájú àjọ náà ní 1947 láti ro ẹjọ́ àwọn Ewe. Nàìjíríà bọ́ sábẹ́ èkejì: “ìjọba ara-ẹni” nìkan ni ìwé yẹn ṣèlérí fún wa. Ẹni tí ilẹ̀ tirẹ̀ kò tíì dá dúró ló dìde fún wa, àwa kò sì ní aṣojú kankan nínú yàrá yẹn.

Ṣé òun ni wọ́n pè ní èèyàn kékeré?

Òun ni. Vyshinsky ti Soviet ló fi ṣẹ̀sín ní Paris ní 1948 pé èèyàn kékeré láti ilẹ̀ kékeré ni. Romulo dá a lóhùn pé iṣẹ́ àwọn Dáfídì ni láti máa ju òkúta òtítọ́ sójú àwọn Gòláyátì. Lọ́dún kejì, wọ́n fi í ṣe ààrẹ Àpéjọ Gbogbogbòò, ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ nípò náà.

Kí ló wá dé tó fi bá Ààrẹ Marcos ti Filipínì ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Romulo ti ń ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kí Marcos tó kéde òfin ológun ní 1972. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìròyìn pa, wọ́n kó àwọn akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n, Romulo kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1984. Àwọn kan ní ó rò pé ilẹ̀ òun lòun ń sìn, pé kì í ṣe ẹnì kan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ yẹn ni iṣẹ́ tó sọ òun gan-an di èèyàn. Ó kú ní Mànílà ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1985. Nínú oṣù Kejì tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará ìlú lé Marcos lọ.