Bí Báńkì Oúnjẹ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́: Láti Ilé Ìkẹ́rù Dé Ìdí Ìkòkò

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni báńkì oúnjẹ dúró lé. Ilé ìkẹ́rù ni, tí oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan ń gbà kọjá kí ó tó dé ilé ẹni tí kò ní. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé oúnjẹ wíwá ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Oúnjẹ ń bẹ. Ìdí ìwé orúkọ àti ìlà ni iṣẹ́ pọ̀ sí: ta ni oúnjẹ tọ́ sí, báwo ni yóò sì ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ tí ojú kò fi ní tì í, tí ẹ̀mí kankan kò sì ní bọ́.

Ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni irú ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967. John van Hengel, tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ, pàdé obìnrin kan tó ń ṣa oúnjẹ tí ilé ìtajà dà nù láti fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ló sọ pé ó yẹ kí ibì kan wà tí wọ́n á máa kó oúnjẹ pamọ́ sí bí wọ́n ṣe ń kó owó sí báńkì, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lọ gbà á níbẹ̀. Ẹni tí ebi ń bá fínra ló dá a lábàá. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ máa rántí èyí. Ní Èkó, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Lagos Food Bank Initiative, tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ ní 2015.

Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé pọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ máa ń ní páálí tó tẹ̀, ọjà tí wọ́n tẹ ìwé ara rẹ̀ ní àṣìtẹ̀, tàbí èyí tí ọjọ́ ìparí lílò tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ku oṣù méjì péré tí àwọn ilé ìtajà ńlá kò gbà mọ́. Kò sí ohun tó ṣe oúnjẹ inú rẹ̀. Ní ọjà Mile 12 l'Ékòó, apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata tó ti Òkè Ọya wá máa ń lo ọjọ́ lójú ọ̀nà, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti rọ̀ kó tó dé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, aláròóbọ̀ kò fẹ́ ẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ṣeé sè lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ báńkì oúnjẹ tí kò ní yàrá títutù, tí kò sì fọkàn tán iná mànàmáná, kò lè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gaàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, sùpàgẹ́tì àti òróró ló sábà máa ń wà nínú àpò tí wọ́n ń pín.

Àwọn ilé ìjọsìn náà ń ṣe tiwọn. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń wọn sàká ìtúnu ààwẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àpò ìrẹsì máa ń kún iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ya dé. Oúnjẹ máa ń pọ̀ nígbà ààwẹ̀ àti nínú oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n oṣù Kìíní tí gbogbo owó ti bá ọdún lọ, àti oṣù Kẹsàn-án tí owó ilé-ìwé gbé owó oúnjẹ mì, ni ìkòkò máa ń dorí kodò. Ibi tí orúkọ báńkì ti bá a mu nìyí: kí ohun tó pọ̀ lójú ọdún lè dúró de ìgbà ọ̀wọ́n.

Kí ó tó lè dúró, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ọjọ́ ara rẹ̀ sún mọ́ jù ló ń kọ́kọ́ jáde, láìka ọjọ́ tó wọlé sí. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ìdànù ni, bó ti wù kó dára lójú tó. Ẹni tí kò rí jẹ kì í ṣe ẹni tí à ń fi májèlé ta lọ́rẹ. Ẹ̀wà ló gba ìṣọ́ra jù. Àwọn kan máa ń fọ́n oògùn Sniper sí i nítorí kòkòrò, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé ewu ńlá ni. Ẹ̀wà tó ní kòkòrò díẹ̀, tó ṣeé sá sóòrùn kí wọ́n sì ṣà, sàn ju èyí tó mọ́ lóló tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwé orúkọ. Kí ọkọ̀ kankan tó gbéra, ẹni méjì tàbí mẹ́ta á ti lọ kí Baálẹ̀. Lẹ́yìn Baálẹ̀ ni alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìyálọ́jà, lémọ́mù, pásítọ̀ àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tí yóò fi sílẹ̀, kò sì sí ìwé kan tó pé nínú gbogbo rẹ̀. Ìdílé tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló máa ń kún ìwé Baálẹ̀. Lémọ́mù lè má rántí ẹni tí kì í wá kírun. Ti alága lè jẹ́ kìkì àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe òṣèlú. Àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ ni opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ yàrá kan, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́rin, abirùn tí kì í jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta gaàrí lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló mọ ẹni tó ń ra ààbọ̀ kọ́ńgò láwìn, àti ẹni tí kò lè yá mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọn kì í béèrè pé “Ṣé ebi ń pa yín?” nítorí àgbà Yorùbá wo ló máa sọ fún àlejò pé bẹ́ẹ̀ ni? Ohun tí wọ́n á bi í ni pé, “Mà, ẹni mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan níbí? Kí lẹ sè lánàá? Ẹ̀ẹ̀melòó làwọn ọmọ jẹun?” Ojú náà á sì máa ríran: sítóòfù tí kò ní kẹrosíìnì, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n ní okùn ìwọ̀n aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi wọn apá òkè ọmọ náà. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, ara ọmọ le. Láti 11.5 dé 12.4, ibi àwọ̀ yẹ́lò, ọmọ náà ti ń rù, ó sì yẹ kí wọ́n tètè bá a wá oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 11.5, níbi pupa, kò kan àpò ìrẹsì mọ́. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ètò tí Lagos Food Bank ń pè ní NUMEPLAN wà fún àwọn aláboyún, ìyálọ́mọ àti ọmọ wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń rù ló ń mu ògì lójoojúmọ́. Ògì lásán ni, kò sí ẹ̀pà, kò sí ẹja gbígbẹ, kò sí sóyà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ sísè máa ń bá àpò náà rìn.

Ilé-ìwé ni ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀sán ní 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ tó bá bọ́ sí kíláàsì kẹrin, ebi rẹ̀ kò dúró sí ìkẹta dè é. Ibẹ̀ ni báńkì oúnjẹ ti lè dí àlàfo. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé-ìwé ní tiwọn nílò iṣẹ́ ju àpò oúnjẹ lọ, nítorí àpò kan kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ nínú ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà.

Ọjọ́ pínpín ló ń bani lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti kéde pé àwọn ọmọ yóò gba ẹ̀bùn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama l'Ábùjá. Àwọn kan sọ pé àìnísùúrù ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ni, kì í sì í ṣe òótọ́. Bí èèyàn kò bá mọ̀ bóyá yóò kan òun, tí ẹnu géètì sì jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ẹni tí kò ní sáré.

Tálì ni wọ́n fi ń pa iyèméjì yẹn. Wọn kì í kéde lórí rédíò. Inú ilé ni wọ́n ti ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní nọ́ńbà àti aago: àádọ́ta èèyàn ní aago mẹ́sàn-án, àádọ́ta ní mẹ́wàá. Ọ̀nà àbáwọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde. Àga wà nílẹ̀, nítorí ẹni tó jókòó kì í ti ara. Àwọn àgbàlagbà, aláboyún àti abirùn kò ní tò rárá. Wọ́n á gbé tiwọn lọ bá wọn nílé. Ẹni tó ní tálì mọ̀ pé tòun ń dúró de òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago méjì ọ̀sán ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fowó sílẹ̀ fẹ́ rí ẹ̀rí, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n tò jọ, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, àti iye kílò tó jáde tó ẹ̀rí. Kò yẹ kí ọmọ kan dàgbà tán kó wá bá àwòrán ìyá rẹ̀ lórí Facebook, níbi tí ó ti kúnlẹ̀ gba gaàrí.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á ka àpò tó ṣẹ́ kù mọ́ nọ́ńbà tí kò wá. Àwọn kan á ti wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀ tí wọn kò ní tálì. Wọn kì í lé wọn. Wọ́n á kọ orúkọ wọn àti àpèjúwe ilé wọn, ojúlé tó kọjú sí kànga, yàrá ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, ẹnì kan á kan ìlẹ̀kùn náà, á bèèrè pé, “Ẹni mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan níbí, mà?”