Ẹdùn àrá, àpáàdì, ahoro: bí wọ́n ṣe ń wa ohun àtijọ́ inú oko láìbà á jẹ́

Ní àwọn oko tó yí Abẹ́òkúta ká, láti Ọ̀dẹ̀dá títí dé Ọbáfẹ́mi-Owódé, ọkọ́ àgbẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan ohun àtijọ́. Ó lè jẹ́ àpáàdì tàbí ìdàrọ́ irin. Ó sì lè jẹ́ ẹdùn àrá, òkúta tó ń dán tí ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn oníṣàngó gbà pé àrá ló sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sójúbọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn mọ̀ ọ́n sí àáké tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ pọ́n lórí àpáta kí irin tó dé.

Ohun tó tètè ń bà jẹ́ kì í ṣe òkúta náà, ibi tó wà nínú ilẹ̀ ni. Ẹdùn àrá tí wọ́n hú nínú ebè, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n gbé sójú fèrèsé, kò lè sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ mọ́. Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ì bá sọ ọ́, torí kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tó wà nínú èédú, máa ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún 5,730, ó sì ṣeé wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òkú ènìyàn tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wà jáde ní 1965 ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Òndó, ti lé ní ọdún 11,000.

Ebè iṣu ń kó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, àmọ́ katakata ló burú jù. Abẹ rẹ̀ ń wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Awakọ̀ lè sọ pé ìjìnlẹ̀ kan náà lòun ń gbà lọ́dọọdún, òótọ́ sì ni; ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò á ti gbá erùpẹ̀ òkè lọ, abẹ á sì tún já sínú ìpele ilẹ̀ tí kò kàn rí. Gbòǹgbò tíìkì àti kajú náà ń ya ìpele. Iná tí wọ́n fi ń sun pàǹtí oko lẹ́bàá àpáta sì ń mú kí ojú òkúta ṣí kúrò, tòun ti ojú ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti lọ nǹkan.

Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ bá kàn án, kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Kó ri igi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn. Òfin 77 ti 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù àti ibi ìrántí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fún un ní ọjọ́ 7 láti fi tó wọn létí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ walẹ̀ wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ nìkan kò sì tó: ẹbí onílẹ̀ àti baálẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, owó ohun ọ̀gbìn tó máa bà jẹ́ sì gbọ́dọ̀ yé tọ̀tún-tòsì ṣáájú. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á dúró lágbede méjì, ihò tó là sílẹ̀ lójú òjò sì burú ju èyí tí wọn kò gbẹ́ rárá lọ.

Ọ̀ẹ̀rùn ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń walẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tò, wọ́n á rin oko já, mítà 2 láàrin ẹnì kan sí èkejì, wọ́n á máa ri àsíá síbi tí àpáàdì bá ti pọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti ta okùn fún ihò àyẹ̀wò, mítà 1 ní gígùn, mítà 1 ní ìbú. Erùpẹ̀ tí ọkọ́ ti dà rú ni wọ́n ń kó kúrò lákọ̀ọ́kọ́, lọ́tọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, tírówẹ̀lì bíríkìlà ni wọ́n fi ń ha ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà kí 10 tó pé, wọ́n á dúró níbẹ̀. Gbogbo erùpẹ̀ ń gba inú asẹ́ kọjá.

Ojú ilẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ pupa agbègbè yìí máa ń le bí bíríkì nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì di àwọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n á wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí i; kò ní pẹ́ tí ibi tí òpó ilé ti jẹrà sí á fi yọ ní roboto, tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n roboto mìíràn wà tó ń tan ni jẹ. Bí erùpẹ̀ inú rẹ̀ bá rọ̀, tó sì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ihò òkété ni. Ìdérí ìgò ọtí lè gba inú rẹ̀ lọ bá àpáàdì ìsàlẹ̀ pátápátá, èédú àná sì lè gbabẹ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti kà á sí ti ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ gbọ́n erùpẹ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ sínú àpò tirẹ̀.

Ìka kì í kan èédú. Tírówẹ̀lì tó mọ́ ni wọ́n fi ń bù ú sínú fóìlì. Owú àti pépà kò dára fún un, torí kábọ́ọ̀nù wà nínú àwọn náà. Egungun ṣọ̀wọ́n, nítorí ásíìdì inú ilẹ̀ ń jẹ ẹ́ tán. Àpáàdì tí nǹkan jó mọ́ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan omi, nítorí ohun tó jó mọ́ ọn lè sọ oúnjẹ tí wọ́n sè.

Bí wọ́n bá dé ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí, wọ́n á gbẹ́ igun kan jìn díẹ̀ sí i kó lè dá wọn lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ́ àwọ̀n ike sísàlẹ̀ kí ẹni tó bá tún wà á lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí wọ́n dé, wọ́n á kó ilẹ̀ pupa padà lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á sì fi ilẹ̀ dúdú bò ó kẹ́yìn kí ohun ọ̀gbìn lè hù. Ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀pà ló yẹ lórí rẹ̀, kì í ṣe iṣu. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí máa ń rì, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá bu erùpẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kí omi má bàa dúró síbẹ̀ kó sì máa rin wọ ìpele tó ṣẹ́ kù.